Kátúùnù Apá Kejì: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Bá Ọmọ Jókòó Wò?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn, kò sì kan abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ kátúùnù ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé tí ọmọ bá wà, pàápàá nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi, kò sí bí wọn kò ṣe ní wò ó. Ohun tí ọmọ bá sì ń fojú rí lójoojúmọ́, inú ọkàn rẹ̀ ló ń lọ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ rèé. Bí fíìmù ọmọdé kan bá ti gbajúmọ̀, àwọn tó ṣe é kì í jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á gbé apá kejì jáde, apá kẹta á tẹ̀lé e, àfi bíi pé kò ní tán mọ́. The Land Before Time, ìtàn àwọn ọmọ ẹranko ńláńlá ayé ọjọ́un tó jáde lọ́dún 1988, apá mẹ́tàlá mìíràn ló tẹ̀lé e. Bí òbí bá wá fẹ́ ra àwo fídíò, tàbí kó wá a lórí fóònù, orúkọ kan náà ni yóò rí lára gbogbo wọn, àwòrán iwájú wọn á sì jọra. Èwo ni ká mú? Èwo ni ká fi sílẹ̀?

Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọ̀n wọ́n kò le. Apá kejì tó dára ni èyí tó dáhùn ìbéèrè tí apá kìn-ín-ní dá sílẹ̀ lọ́kàn ọmọ. Èyí tí kò dára ni èyí tó kàn gbé ọbẹ̀ àná kaná, tó yí àwo padà, tó sì ní ká tún wá jẹun. Ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n yìí yẹ díẹ̀ wò nínú wọn.

BÍ WỌ́N ṢE PỌ̀ TÓ BÁYÌÍ

Láyé àtijọ́, iléeṣẹ́ Disney ní Amẹ́ríkà kì í sábà ṣe apá kejì fíìmù ọmọdé. Bambi jáde lọ́dún 1942, Cinderella lọ́dún 1950, Peter Pan lọ́dún 1953, The Jungle Book lọ́dún 1967. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1994 ni wọ́n wá gbé The Return of Jafar jáde, èyí tó jẹ́ apá kejì Aladdin ọdún 1992. Wọn kò gbé e dé sinimá rárá, inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n gbé e sí tààrà. Owó tí wọ́n ná lé e kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó tà bí omi tútù lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń dín irú ẹ̀ bí ẹni ń dín àkàrà, títí di ọdún 2007 tí iléeṣẹ́ náà kéde pé àwọn yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Àwọn fíìmù ọ̀hún ṣì wà káàkiri ṣá o. Wọ́n wà nínú àpótí àwo fídíò ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nítumọ̀, àmọ́ wúrà wà nínú ẹrẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wúrà yẹn ni màá kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

BAMBI II: TA NI YÓÒ TỌ́ ỌMỌ TÍ ÌYÁ RẸ̀ TI KÚ?

Ẹni tó bá ti wo Bambi àkọ́kọ́ kò ní gbàgbé ibi tí ọdẹ ti yìnbọn pa ìyá ọmọ àgbọ̀nrín náà. Ọmọ ń pe ìyá rẹ̀ nínú igbó, ìyá kò dáhùn. Bàbá rẹ̀ ló yọ sí i, ó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò lè wà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́, wọ́n sì jọ lọ. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ìgbà òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀, ewé ti rú, Bambi ti di géńdé. Ọmọdé tó ń wò ó á béèrè pé: "Ta ló wá ń fún un lóúnjẹ? Ọ̀dọ̀ ta ló ń sùn?" Fíìmù yẹn kò sọ.

Bambi II jáde lọ́dún 2006, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, àlàfo yẹn gan-an ló sì dí. Bàbá Bambi jẹ́ olórí nínú igbó. Ó mọ bí a ti ń ṣọ́ agbo ẹran, àmọ́ kò mọ bí a ti ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí wọ́n bá òun wá abo àgbọ̀nrín kan tí yóò gba ọmọ náà tọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni bàbá àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mọwọ́ ara wọn, nígbà tó sì yá, bàbá kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí ọdẹ ti ń fi fèrè ké bí àgbọ̀nrín. Bambi rò pé ohùn ìyá òun ni, ó sì sáré lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ yẹn le fún ọmọ tí kò tíì pẹ́ tí ìyá rẹ̀ kú. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó dá a wò. Ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ yín.

Ó kan iṣẹ́ wa ní ilé ìwòsàn. Bí òkú bá ṣẹ̀ nínú ilé, àwọn àgbà á ní kí wọ́n sọ fún ọmọ pé "Ìyá ẹ rìnrìn àjò," tàbí pé "Ìyá ẹ ń sùn." Àánú ọmọ ló ń mú wọn sọ ọ́, àmọ́ ó máa ń dá kún ìṣòro ọmọ náà ni. Èyí tí wọ́n ní ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò á máa wo ẹnu ọ̀nà. Èyí tí wọ́n ní ìyá rẹ̀ ń sùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun. Ohun tí wọ́n kọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìlera ni pé kí á sọ òótọ́ fún ọmọ ní gbólóhùn kúkúrú: ìyá ti kú, ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò ní padà wá, kì í ṣe ohun tí o ṣe ló pa á, èmi ni màá sì máa tọ́jú rẹ. Fíìmù kò lè sọ ìyẹn bá yín sọ. Ohun tó lè ṣe ni pé kó là yín lóhùn. Ọmọ tí kò lè sọ pé "Àárò ìyá mi ń sọ mí" lè sọ pé "Àárò ìyá Bambi ń sọ ọ́." Bí ẹ bá ti gbọ́ ìyẹn, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Bàbá tó ń dá ọmọ tọ́ pàápàá á rí ara rẹ̀ nínú fíìmù yìí. Ọmọ ọdún márùn-ún sókè lè wò ó.

THE LION KING II: ÌJÀ TÍ ỌMỌ KÒ MỌ ÌDÍ RẸ̀

Nínú The Lion King ọdún 1994, Scar pa Mufasa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gba ìtẹ́. Simba ọmọ Mufasa sá lọ, ó dàgbà, ó padà wá, ó gba ipò bàbá rẹ̀. Ìtàn parí síbẹ̀, inú gbogbo èèyàn dùn. Àmọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn Scar ńkọ́? Ṣé wọ́n wọlẹ̀ ni?

Simba's Pride, tó jáde lọ́dún 1998, ló dáhùn. Simba lé wọn jáde kúrò nílùú. Nínú aṣálẹ̀ tí wọ́n wà, abo kìnnìún kan tó ń jẹ́ Zira ń tọ́ Kovu ọmọ rẹ̀ dàgbà nítorí ohun kan ṣoṣo: kó lè pa Simba lọ́jọ́ kan. Simba fúnra rẹ̀ ti bí ọmọbìnrin kan, Kiara, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ sì ti rí, kò fẹ́ kí ọmọ náà yọjú síta. Àwọn ọmọ méjèèjì wá pàdé, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn kí àwọn òbí wọn tó mọ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún yín. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ ọ nínú agboolé pé "Ọmọ ilé lágbájá, o ò gbọdọ̀ bá a ṣeré," nítorí ìjà ilẹ̀ tí àwọn tó jà á ti kú tipẹ́? Ọmọ kò mọ ìdí ìjà, àmọ́ ó ti mọ ẹni tí yóò kórìíra. Fíìmù yìí fi hàn wá pé orí ọmọ ni ẹrù ìkùnsínú òbí ń já lé. Ó tún bá òbí tó ń bẹ̀rù jù wí, ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ lórí nítorí ìyà tó jẹ òun fúnra rẹ̀.

Kò dára tó ti àkọ́kọ́. Orin rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, àwòrán rẹ̀ náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ní ohun tó fẹ́ sọ, ó sì sọ ọ́. Ẹni méjì ló kú níbẹ̀, torí náà kí ọmọ tó ọdún mẹ́fà.

Apá kẹta wà, tó jáde lọ́dún 2004. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń pè é ní The Lion King 1½. Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, The Lion King 3: Hakuna Matata ni orúkọ rẹ̀. Fíìmù kan náà ni o, kí ẹ má baà ra á lẹ́ẹ̀mejì. Timon àti Pumbaa ìmàdò ló ń sọ ìtàn àkọ́kọ́ láti ibi tí àwọn dúró sí, ẹ̀rín ló sì kún inú rẹ̀. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ilé sú u, èyí ni kí ẹ fi sí i fún un.

TOY STORY 2 ÀTI 3: NÍGBÀ TÍ ỌMỌ BÁ FẸ́ KÚRÒ NÍLÉ

Toy Story ọdún 1995 ni fíìmù kátúùnù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya látòkè délẹ̀. Ìtàn àwọn ohun ìṣeré ọmọdé ni, pàápàá Woody, bèbí tó múra bíi darandaran Amẹ́ríkà, àti Andy ọmọkùnrin tó ni ín. Apá kejì rẹ̀ jáde lọ́dún 1999. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é bí àwọn olówó pọ́ọ́kú inú fídíò yẹn ni, kí wọ́n tó yí ìpinnu padà tí wọ́n gbé e lọ sí sinimá. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò kéré sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Apá Woody ya, Andy sì rìnrìn àjò láìmú un dání. Olè kan gbé Woody, ó fẹ́ tà á fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní Japan, níbi tí yóò ti wà nínú gíláàsì tí kò ní bàjẹ́ láé. Wọ́n ní kí ló fẹ́ padà lọ ṣe lọ́dọ̀ Andy? Ọmọ á dàgbà, á sì jù ú nù. Woody mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, síbẹ̀ ó padà sọ́dọ̀ ọmọ náà. Kí ẹnikẹ́ni tó ti tọ́ ọmọ rí ro ìyẹn wò.

Apá kẹta, tó jáde lọ́dún 2010, mú ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Andy ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ sí yunifásítì. Níbì kan, ìyá rẹ̀ wọ yàrá tó ti ṣófo, ó wò yíká, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ti gbéra lọ sí Ìbàdàn tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mú ìnujú dání. Nígbẹ̀yìn, Andy gbé àwọn ohun ìṣeré rẹ̀ fún ọmọbìnrin kékeré kan, ó sọ orúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá a ṣeré díẹ̀, ó sì lọ. Fíìmù yìí gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Ìṣọ́ra kan wà: ibi tí àwọn ohun ìṣeré náà fẹ́ bọ́ sínú iná ìléru lè da ọmọ kékeré láàmú. Kí ó tó ọmọ ọdún mẹ́fà, kí àgbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Apá kẹrin jáde lọ́dún 2019. Kò burú, àmọ́ ẹni tó bá dúró síbi apá kẹta kò pàdánù nǹkan kan.

FINDING DORY: FÚN ILÉ TÍ ÀGBÀ TI Ń GBÀGBÉ NǸKAN

Nínú Finding Nemo ọdún 2003, ẹja kan tó ń jẹ́ Dory bá bàbá Nemo wá ọmọ rẹ̀. Dory kì í rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, a sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló bí i. Apá kejì, tó jáde lọ́dún 2016, ló béèrè. Dory rántí lójijì pé òun ní ìyá àti bàbá, ó sì gbéra láti lọ wá wọn. Láti kékeré ni kò ti lè rántí nǹkan. Àwọn òbí rẹ̀ kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ fún èèyàn pé òun máa ń gbàgbé, wọ́n sì to ìkarawun sílẹ̀ kó lè máa fi mọ ọ̀nà ilé. Nígbà tó sọ nù, wọn kò dẹ́kun títo ìkarawun.

Kí n ṣàlàyé ohun kan. Àìsàn ìgbàgbé tó ń bá àgbà yàtọ̀ sí ti Dory, nítorí tirẹ̀ ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Àmọ́ bí àwọn òbí Dory ṣe ṣe é, bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ká máa ṣe é nílé. Ẹ fi gíláàsì ojú bàbá síbi kan náà lójoojúmọ́. Ẹ lẹ àmì mọ́ ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Bí màmá bá bi yín ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ dáhùn ẹlẹ́ẹ̀kẹfà bí ẹ ti dáhùn ti àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo Dory, kí ẹ sì sọ fún wọn pé "Bí màmá àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Kí àgbà gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò le. Bó bá ń ṣìnà ní àdúgbò tó ti ń gbé láti ogún ọdún, tàbí tí kò mọ ọmọ tó bí mọ́, ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ ogbó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà mìíràn, ohun tó ṣe é wò ló ń fa á, bí àìtó fítámì, àkóràn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí oògùn tí kò bá a lára mu. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá arúgbó ní àjẹ́ nítorí pé ó ń rìn kiri lóru, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí. Àìsàn ni.

INSIDE OUT 2: FÚN ỌMỌ TÍ Ń BÀLÁGÀ

Inside Out ọdún 2015 gbé wa wọ inú orí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Riley, níbi tí Ayọ̀, Ìbànújẹ́, Ìbínú, Ìbẹ̀rù àti Ìríra ti ń darí rẹ̀. Apá kejì jáde lọ́dún 2024. Riley ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwọn àlejò tuntun sì ti wọlé: Àníyàn, Ìlara, Ìtìjú àti ẹni tí gbogbo nǹkan ti sú. Àníyàn gba àkóso lọ́wọ́ Ayọ̀. Riley ń sá kí wọ́n má baà fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ níbi ìdíje, ó ṣe ohun tó dun àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, títí àyà rẹ̀ fi ń lù kìkì tí kò sì lè mí dáadáa.

Àwọn ọmọ tiwa náà ń ní in, pàápàá nígbà tí ìdánwò bá ń bọ̀. Wọ́n á ní àyà ń já àwọn, inú ń run àwọn, ọwọ́ ń gbọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà wò wọ́n. Bí kò bá sí àìsàn mìíràn, ẹ má sọ pé "Ọ̀lẹ ni ọ́." Ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó máa mí díẹ̀díẹ̀, kó máa dárúkọ ohun tó ń rí àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń kàn. Ìgbà tí ara bá balẹ̀ ni kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè ni fíìmù yìí bá mu jù.

MÉJÌ MÌÍRÀN TÓ YẸ NÍ WÍWÒ

Bí ẹ bá rí Cinderella II, tó jáde lọ́dún 2002, ẹ fò ó. Ìtàn kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀, kò sì sí ohun tó le níbẹ̀. Cinderella III, tó jáde lọ́dún 2007, ni kí ẹ mú. Ìyàwó bàbá gba ọ̀pá idán, ó dá ọwọ́ ìgbà padà, bàtà gíláàsì sì bọ́ sí ẹsẹ̀ Anastasia ọmọ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Cinderella kò jókòó kó máa retí ẹni tí yóò gbà á. Anastasia fúnra rẹ̀ wá rí i pé ọkọ tí wọ́n fi idán mú fún òun kò lè fẹ́ràn òun dénú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, ẹ gbọ́ ìyẹn.

Ti Aladdin náà rí bẹ́ẹ̀. Apá kejì tí mo sọ lókè kò tó nǹkan, wọ́n tiẹ̀ pààrọ̀ ohùn àǹjọ̀nnú náà. Nínú apá kẹta, Aladdin and the King of Thieves ọdún 1996, Robin Williams padà wá sọ̀rọ̀ bí àǹjọ̀nnú, Aladdin sì rí bàbá rẹ̀ tó ti rò pé ó kú. Bàbá ọ̀hún ti di olórí àwọn ogójì olè. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ láti kékeré á ní ìbéèrè púpọ̀ lẹ́yìn fíìmù yìí.

ÀWỌN TÍ Ẹ LÈ FI SÍLẸ̀

The Jungle Book 2, tó jáde lọ́dún 2003, ẹkùn kan náà, ìlépa kan náà, orin kan náà. The Little Mermaid II, tó jáde lọ́dún 2000, yí ìtàn àkọ́kọ́ sódì ni: ìyá jẹ́ màmíwọtà tó fẹ́ wá sórí ilẹ̀, ọmọ wà lórí ilẹ̀, ó fẹ́ wọ omi. Wọn kò ní ba ọmọ jẹ́, bí ọmọ bá sì ti ń wò wọ́n lọ́wọ́, ẹ má jà sí i. Ẹ má kàn fowó ra wọ́n.

IGI GANGANRAN MÁ GÙN MÍ LÓJÚ

Àwọn kan dára, àmọ́ ó yẹ kí àgbà kọ́kọ́ wò wọ́n. How to Train Your Dragon 2 ọdún 2014 pa bàbá ọmọkùnrin náà lójú rẹ̀, ẹranko tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì lò láti pa á. Puss in Boots: The Last Wish ọdún 2022 fi ikú hàn bí ìkookò tó ń súfèé. Ó lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́jọ lè máà sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹ má gbára lé àmì tó wà lára àwo nìkan. The Lion King gba àmì pé gbogbo ọjọ́ orí ló lè wò ó, síbẹ̀ a mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ti Incredibles 2, tó jáde lọ́dún 2018, gba ìkìlọ̀ tó lágbára ju ìyẹn lọ. Fíìmù tó dùn ni, bàbá ló ń tọ́jú ọmọ nílé tí ìyá ń lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí iná funfun ti ń ṣẹ́jú kíákíá. Nígbà tó jáde, wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara sinimá ní Amẹ́ríkà nítorí àwọn tó ní wárápá, nítorí irú iná bẹ́ẹ̀ lè dá a sílẹ̀ fún àwọn kan nínú wọn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí: lóṣù Kejìlá ọdún 1997, ní Japan, àwọn ọmọdé tó lé ní ẹgbẹ̀ta dé ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n wo kátúùnù Pokémon tí iná pupa àti búlúù ti ń ṣẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Bí wárápá bá wà lára ọmọ yín, ẹ fo àwọn ibi wọ̀nyí. Ẹ má wò ó nínú òkùnkùn, kó sì jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n. Bí iná bá ṣàdédé ń ṣẹ́, kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kó sì yíjú kúrò. Bí ó bá mú un, ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná, ẹ má rọ àgbo sí i lọ́fun. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

BÍ Ẹ ṢE LÈ BÁ WỌN WÒ Ó

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má wo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, bó bá sì dín sí i, ó sàn. Èyí túmọ̀ sí pé fíìmù kan á gba ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́jọ́ méjì. Ẹ dá a dúró láàárín, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹ pa á ní wákàtí kan kó tó di àkókò oorun. Ẹ má fi bọ́ ọmọ lóúnjẹ, nítorí ọmọ tí ojú rẹ̀ wà nínú fíìmù kì í mọ ìgbà tí òun yó.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ jókòó síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ìyá wa àgbà ń pa àlọ́ Ìjàpá fún wa, wọn kì í pa á tán kí wọ́n dìde. Wọ́n á béèrè pé kí la rí kọ́. Bí Ìjàpá bá tún jáde nínú àlọ́ ọjọ́ kejì, ọgbọ́n mìíràn ló bá dé. Apá kejì tó dára nìyẹn. Torí náà, bí fíìmù bá parí, ìbéèrè mẹ́ta péré tó: Ta ni àánú rẹ̀ ṣe ọ́ jù? Ibo lẹ̀rù ti bà ọ́? Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa ṣe? Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rò pé kátúùnù kò kàn yín, ẹ gbìyànjú ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí. Bí ilé kò bá tíì rí ẹnikẹ́ni sin láìpẹ́, ẹ fi Finding Dory bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí ara tù díẹ̀, kí ẹ tó mú Bambi II, kí ọmọ sì wà lórí ẹsẹ̀ yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa.